Igi Ìdáná ní Lamisula, àti Bí Àgbàlagbà Ṣe Lè Là Á Láìfi Agbára Ṣe É

Àwọn tí Ọlọ́run fi ọmọ ta lọ́rẹ, àwọn tí ó ṣe ìgbéyàwó, àti àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ óò rí ìròyìn wọn ní ojú ìwé tí ó tẹ̀lé èyí. Ní ti àwa, akọ̀wé rélùwéè ni wá. Ìwé ẹrù àti ìwọ̀n ẹrù ni a mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí a kọ nǹkan nípa àdúgbò wa, Lamisula, kí àwọn ará ilé tí kò dé ibẹ̀ rí lè mọ bí a ti ń gbé. A ronú títí, a sì rí i pé kò sí ohun tí a lè fi júwe ibẹ̀ tí yóò yé ènìyàn tó igi ìdáná.

Lamisula jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn wọ́ọ̀dù ìlú Maiduguri, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Borno. Ìlú náà, tí àwọn Kanuri ń pè ní Yerwa, kò lọ́jọ́ lórí tó Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn. Ọdún 1907 ni Shehu Bukar Garbai kó ààfin rẹ̀ wá síbẹ̀ láti Kukawa. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Iyanrìn ni, kò sí òkè kan tí ènìyàn lè gùn láti wo ìlú. Bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Kejìlá, ètè a bẹ́, ẹsẹ̀ a là, aṣọ tí a fọ̀ a sì gbẹ kí a tó sá èkejì. Ní oṣù Kẹrin, oòrùn ibẹ̀ kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ni òjò ń rọ̀ jù lọ, lẹ́yìn náà ó di àmọ́dún. Ẹni tí ó bá ti Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ dé tuntun yóò wò yíká, yóò bèèrè pé, "Igbó dà?" Igbó kò sí níbẹ̀. Dọngoyárò ni ó wà.

Dọngoyárò yìí ni òjìji ìlú náà. Ó wà létí títì, ó wà nínú àgbàlá, lábẹ́ rẹ̀ ni a ti ń gerun, tí a ti ń ta tíì, tí a sì ti ń parí ìjà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé igi ìbílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àlejò ni òun náà gẹ́gẹ́ bí àwa. Ilẹ̀ Íńdíà àti agbègbè rẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀. Láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà, tí ó di Ghana, ni wọ́n ti mú èso rẹ̀ wá sí Nàìjíríà, Maiduguri ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ gbìn ín ní ọdún 1928. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi ewé dọngoyárò wo ibà ní Ìbàdàn lónìí, kí ó rántí pé Borno ni igi náà ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa.

Ojú irin ní tirẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé. Láti Kuru, lẹ́bàá Jos, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ ní 1958. Ó gba Bauchi àti Gombe kọjá, ó sì wọ Maiduguri ní 1964. Nínú ìlú náà, títì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lagos Street, kí ẹ lè mọ̀ pé ará ìsàlẹ̀ kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kì í wá sí ibẹ̀ mọ́ bí ti àtijọ́. Ní 2021 ni ìjọba kéde iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀nà náà láti Port Harcourt dé Maiduguri, àwa tí iṣẹ́ náà jẹ oúnjẹ wa sì ń retí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí igi. Ní ilé wa ní ìsàlẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ dáná yóò lọ sí oko, yóò sì di igi wálé. Ní Maiduguri kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti 2009 tí ogun àwọn Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ìlú ti di ibi ìfòyà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó jáde lọ ṣẹ́gi ni wọ́n pa, tàbí tí wọ́n jí gbé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ aláìní tí ogun ti lé kúrò ní abúlé wọn. Nítorí náà ẹ̀là igi kan tí ẹ rí lórí ọmọlànkẹ́ ní Lamisula, kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan fi ẹ̀mí wewu kí ó tó dé ibẹ̀.

Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún 2023, ohun gbogbo gbówó lórí. Ọ̀pọ̀ ilé tí ó ti ń lo gáàsì tàbí kẹrosíìnì tún padà sí ìdí ààrò. Lẹ́yìn èyí ni omi dé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 2024, ìdídò Alau já, odò Ngadda kún bo apá púpọ̀ nínú ìlú, ó gbé ilé, ó gbé ọjà, ó gbé ẹran ọ̀sìn. Ẹni tí omi kò gbé igi rẹ̀ lọ, igi náà mu omi yó. Nígbà náà ni a rí i pé ilé tí ó mọ bí a ṣe ń la igi wẹ́wẹ́, kí atẹ́gùn lè gbẹ ẹ́, ni ó kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ gbígbóná.

Wàyí o, kí ni ó mú wa kọ gbogbo èyí sínú ìwé ẹgbẹ́? Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn àgbà wa ti dá wà. Àwọn ọmọ ti lọ sí Abuja, Èkó, àti òkè òkun. Ó ku ìyá nìkan ní yàrá kan, tàbí bàbá tí ẹ̀yìn ń dùn. Àwọn tí ń fi àáké kiri àdúgbò wà, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń gbà lórí ìtì kékeré kan a máa sún mọ́ owó igi náà fúnra rẹ̀. Ní ìpàdé kan ní ọdún tí ó kọjá, ìyá àgbà kan dìde, ó ní òun fẹ́ padà sílé. A rò pé nítorí ogun ni. Ó ní rárá, òun ti gbé pẹ̀lú ogun. Ó ní igi ni kò jẹ́ kí òun gbádùn: òun kò lè máa tọrọ ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́ kí òun tó lè se àmàlà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Ogójì ọdún ní ìdálẹ̀, kí ó jẹ́ ẹ̀là igi mẹ́ta ni yóò lé ènìyàn lọ!

Ṣùgbọ́n ìyá mìíràn wà ní agbo-ilé tí ó kọjú sí tiwa, ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. A kò gbọ́ rí pé ó bẹ ẹnikẹ́ni la igi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan a bá a lórí àpótí, ó ń ṣe iṣẹ́ náà. A dọ̀bálẹ̀, a ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí á gbà yín."

Ó ní, "O ṣeun, Akọ̀wé, ọmọ mi. Àáké dà tí o fẹ́ fi gbà mí? Ṣé ìwọ náà rò pé agbára ni wọ́n fi ń la igi?"

A ní, "Kí ni wọ́n fi ń là á, Ìyá?"

Ó ní, "Ojú ni. Bí ojú bá ti rí ọ̀nà, ọwọ́ kò ní wàhálà mọ́. Jókòó kí o wò ó."

A jókòó, a sì wò ó dáadáa. Ohun tí a rí, pẹ̀lú èyí tí a ti dán wò fúnra wa láti ìgbà náà, ni a kọ sí ìsàlẹ̀ yìí fún àǹfààní gbogbo ilé.

Ohun àkọ́kọ́ ni yíyan igi. Igi tí ó tọ́, tí kò ní kókó, tí ẹ̀ka kò ti ara rẹ̀ yọ, òun ni kí ẹ mú. Kókó kì í là fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má bá a jà. Ẹ fi í sí apá kan fún ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ se ẹ̀wà tàbí ẹran tí yóò pẹ́ lórí iná, nítorí kókó máa ń jó pẹ́. Ní Borno, igi ayin, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní marke, le púpọ̀, iná rẹ̀ sì gbóná. Bagaruwa náà le, ó sì ní ẹ̀gún. Bí ẹ bá ń ra igi lọ́wọ́ oníṣòwò, ẹ má kàn wo bí ìdì ti tóbi tó. Ẹ ṣa èyí tí ó tọ́ tí kò sì nípọn ju apá ọmọdé lọ. Èyí tí ó nípọn bí itan, ẹ fi í sílẹ̀ fún alápẹ̀jẹ.

Èkejì, kí igi kúrú. Igi gígùn ni ó ń dá ènìyàn lágara. Bí ó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ẹ fi ayùn ọlọ́wọ́ gé e sí méjì tàbí mẹ́ta. Ayùn lọ́ra, ṣùgbọ́n kì í béèrè agbára, ẹni tí ó jókòó pàápàá lè fà á, ọmọdé sì lè di ìdí igi mú. Lẹ́yìn tí igi bá ti kúrú, iṣẹ́ ti bù sí ìdajì.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí Ìyá pè ní ojú. Ẹ gbé igi náà ró lórí kùkùté tàbí pákó tí ó nípọn, kí ẹ wo orí rẹ̀ níbi tí a ti gé e. Ẹ óò rí i pé ó ti sán, pàápàá bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ sí i. Sísán náà ni ilẹ̀kùn. Igi fúnra rẹ̀ ti fi ibi tí ó fẹ́ gbà là hàn yín. Ẹ rántí bí a ti ń ya aṣọ: a kì í fi ọ̀bẹ lépa rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ó ṣí i díẹ̀ létí, a ó fà á, yóò sì ya dé òpin, nítorí pé fọ́nrán òwú ni a tọ̀. Ara igi náà dàbí fọ́nrán òwú tí ó dúró ní ìbú kan. Ẹni tí ó bá gé e ní ìdábùú yóò làágùn. Ẹni tí ó bá tọ̀ ọ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé òun ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má gbé àáké sókè rárá. Ẹ mú àdá tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ẹ gbé ojú rẹ̀ lé ibi tí igi ti sán, kí ẹ fi ọwọ́ kan di èèkù àdá mú. Ẹ fi ọwọ́ kejì mú kùmọ̀ igi, kí ẹ máa fi lu ẹ̀yìn àdá náà jẹ́jẹ́, pó, pó, pó. Àdá yóò rì wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti wọ inú tó ìka kan, igi yóò dún, yóò sì là. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ire ọ̀nà yìí pọ̀. Ojú àdá kò kúrò lára igi, nítorí náà kò lè ta bọ́ sí ẹsẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì sì ní iṣẹ́ tirẹ̀, nítorí náà kò sí èyí tí yóò wà lábẹ́ irin. Ẹ má ṣe fi òòlù irin lu ẹ̀yìn àdá o, nítorí irin tí ó bá lu irin lè ta ẹ̀wẹ́ sí ni lójú. Ẹ má sì ṣe fi ọmọ odó lù ú, kí ìyàwó ilé má baà lé yín jáde.

Ẹ̀karùn-ún, bí igi bá fẹ́ nípọn díẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ẹ ti ẹ̀gbẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa ṣí i pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí ẹni ń bó èèpo iṣu, yí i ká títí yóò fi ku àárín. Àárín dọngoyárò a máa pọ́n rúsúrúsú. Nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀, ìyókù kò tó nǹkan.

Ẹ̀kẹfà, ẹ wá táyà mọ́tò ògbólógbòó kan, èyí tí kò ṣọ̀wọ́n ní Maiduguri. Ẹ tẹ́ ẹ sórí kùkùté, kí ẹ to igi kúkúrú náà ró sínú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń là, wọn kò ní fò ká àgbàlá, ẹ kò sì ní máa bẹ̀rẹ̀ ṣà wọ́n. Fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, bíbẹ̀rẹ̀ yìí ni ìyà tí ó pọ̀ jù, kì í ṣe lílà. A gbọ́ pé ní Amẹ́ríkà náà wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń la igi jọ de ìgbà òtútù. Ọgbọ́n kì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo.

Bí àáké kékeré bá wà, tí ẹ sì fẹ́ lò ó, ẹ fi ojú rẹ̀ kan orí igi, kí ẹ gbé méjèèjì pọ̀ díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jùmọ̀ bọ́ lu kùkùté. Ìwọ̀n wọn ni yóò ṣe iṣẹ́ náà. Àwa tí ń wọn ẹrù mọ̀ pé ohun tí ó wúwo kò nílò ìrànlọ́wọ́ kí ó tó lọ sílẹ̀. Kí àwọn ọmọdé jìnnà síbẹ̀, nítorí igi gànńgànràn tí yóò gún ni lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Igi tí a là sàn ju èyí tí a kò là lọ nínú ààrò. Èèpo ni ó ń di omi mọ́ inú igi. Bí a bá là á, omi a rí ọ̀nà jáde. Iná tí ó bá bá omi nínú igi yóò kọ́kọ́ gbẹ omi náà kí ó tó ronú kan ìkòkò, èéfín ni a ó sì máa jẹ. Ẹ to ẹ̀là igi sórí òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù, kí ikán àti omi ilẹ̀ má baà dé ibẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó. Bí ẹ bá mú ẹ̀là méjì kan ara wọn, tí ó dún kó-kó, ó ti gbẹ; bí ó bá dún bí ẹni lu àpò gààrí, ó ku díẹ̀. Ẹ máa ki ẹnu igi nìkan sí iná, kí ẹ sì fa èyí tí ó kù jáde kí ẹ pa á bí ọbẹ̀ bá ti jinná. Àjọ FAO ti pín ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀ fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní Borno. Ẹni tí ó bá rí irú rẹ̀ rà, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó bọ́.

Àwọn igi kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi dáná: pákó tí a fi ọ̀dà kùn, pílíwúùdù, àti igi slípà ojú irin tí a ti fi òróró dúdú pa kí ikán má baà jẹ ẹ́. Èéfín wọn kò dára fún àyà, pàápàá àyà ọmọdé. Yàtọ̀ sí èyí, ohun ìní ìjọba ni slípà, àwa kò sì fẹ́ kí a ka orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wa ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Níkẹyìn, ẹ má gbàgbé àlejò ọdún 1928. Dọngoyárò tí ó wà nínú àgbàlá lè fún ìdílé kékeré ní igi díẹ̀ láìjẹ́ pé a gé e lulẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé, kí ẹ rẹ́ àwọn ẹ̀ka tí ó ṣú jù. Igi yìí kì í bínú. Ibi tí a ti rẹ́ ẹ ni yóò tún ti rúwé. Ẹ̀ka tí kò nípọn, tí ó tọ́, tí kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, òun gan-an ni àgbàlagbà lè là pẹ̀lú àdá àti kùmọ̀. Kò sì sí ẹni tí yóò jáde lọ sí ẹ̀yìn ìlú nítorí rẹ̀. Ilé tí kò bá ní igi rárá, kí ó gbin ọ̀kan nígbà òjò.

A ti kó ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ìyá tí ó fẹ́ padà sílé. Kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ìyá àdúgbò wa lọ bá a fúnra rẹ̀, wọ́n jókòó lábẹ́ igi, wọ́n la ìdì kékeré kan láàárín àkókò tí a fi ń se ẹ̀kọ. Títí di ìgbà tí a ń kọ ìwé yìí, ó ṣì wà ní Lamisula. Bí ó bá padà sílé lọ́la, kí ó jẹ́ nítorí pé ó fẹ́ rí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ nítorí iná tí kò lè dá.

Àbá wa fún ẹgbẹ́ ni èyí: kí a ra ayùn ọlọ́wọ́ méjì, kí wọ́n máa wà ní ọwọ́ akápò, kí ilé tí ó bá nílò rẹ̀ yá a lò. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó bá wá sí ìpàdé oṣooṣù, kí wọ́n gé ìtì gígùn sí kúkúrú fún àwọn opó àti àwọn arúgbó kí wọ́n tó lọ sílé. Lílà rẹ̀, àwọn àgbà yóò ṣe é fúnra wọn, wọn yóò sì ṣe é ní àkókò tí ó wù wọ́n.

A kí gbogbo ilé. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iná ìdáná yín máa jó geere, kí ó má sì ṣe di iná ọmọ ọ̀tá. Ó di ìgbà mìíràn o.